Eyín Méjì àti Orógbó Ilé Akínṣọlá

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Adéjùmọ̀kẹ́ Babalọlá bi dókítà nígbà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ tán. Kò béèrè nípa ẹ̀jẹ̀, kò béèrè nípa ìrora. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó ní:

"Dókítà, ṣé n ó tún lè rẹ́rìn-ín?"

Eyín iwájú òkè méjì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ọ̀kan ti bọ́ sójú títì láàárín Ore àti Odigbo ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Èkejì ti là dé gbòǹgbò, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ ní ilé ìwòsàn eyín kan ní Àkúrẹ́. Dókítà Àzíìzàt, obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè, fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹ ó rẹ́rìn-ín, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lóṣù yìí. Ibi tí eyín ti kúrò, egungun ibẹ̀ kì í dúró bó ṣe wà. Ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti hú igi kòkó rí? Tí wọn kò bá dí ihò náà, etí rẹ̀ á máa ya wọlé títí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi rì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Eyín tuntun tí a fẹ́ rì mọ́ egungun fún yín, irin kékeré bí ìṣó ni gbòǹgbò rẹ̀. Irin kò lè dúró nínú egungun tó ti joro."

"Kí la máa wá ṣe?"

"A ó dí ihò náà lónìí. Egungun màlúù ni, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́ bíi gàrí. A ó kó o sí i, a ó rán erìgì yín bò ó. Ara yín ni yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa fi egungun tiyín rọ́pò rẹ̀. Oṣù márùn-ún, bóyá mẹ́fà. Láàárín ìgbà náà, ohun líle kankan kò gbọdọ̀ kan iwájú ẹnu yín. Ẹ gbọ́ mi, mà. Ohun líle kankan."

Lẹ́nu ọ̀nà, Olúwagbénga Akínṣọlá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, dúró pẹ̀lú báńdéèjì kékeré kan ní ìgbọ̀nwọ́. Gbogbo ibi tó ti fara pa nìyẹn. Òun ló wa ọ̀kadà náà.

Nígbà tí dókítà lọ fọwọ́, Gbénga wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí Jùmọ̀kẹ́ nà sí. Omi wà lójú rẹ̀.

"Jùmọ̀kẹ́, jọ̀ọ́. Màmá mi kò gbọdọ̀ gbọ́."

Jùmọ̀kẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n Gbénga, kú lórí ọ̀kadà ní títì márosẹ̀ Ore. Lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú rẹ̀, ìyá wọn mú Gbénga wá síwájú àwòrán òkú, ó ní kó búra pé òun kò ní gun ọ̀kadà mọ́ láyé. Gbénga búra. Ó sì pa ìbúra náà mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọn kò rí ọkọ̀ wọ̀, tí Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí ó yá ọ̀kadà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Ẹnu Jùmọ̀kẹ́ ti kú tán báyìí nítorí abẹ́rẹ́, nítorí náà ó kàn mi orí pé òun gbà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni òun ń gbà láti bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀. Jùmọ̀kẹ́ ti Ìkàrẹ́ wá, ìjọba sì gbé e sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Odigbo láti máa kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ká a mọ́ Ore, ó sá sábẹ́ òrùlé ilé ìkókòkósí kan. Ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń fi ọ̀bẹ kékeré la hóró kòkó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń wo inú rẹ̀, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé góòlù lẹ ń wá níbẹ̀ ni?"

"Tí mo bá rí i, mà, ẹ má sọ fún ọ̀gá mi."

Jùmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó borí ariwo òjò lórí páànù, àwọn alábàárù méjì sì yíjú padà. Gbénga gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ṣàlàyé pé òun ni ìjọba yàn láti máa yẹ kòkó wò kí wọ́n tó kó o lọ. Ó ní kòkó lè dán lóde kí inú rẹ̀ sì ti hu, àfi kí òun gé e kí òun tó mọ̀. Nígbà tí òjò dá, kò sí ẹni tó ṣáájú nínú wọn láti sọ pé òun ń lọ.

Láti ọjọ́ ìjàm̀bá náà, ẹ̀rín yẹn ti wọlé lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n dí ihò eyín náà, Gbénga mú un lọ kí ìyá rẹ̀ ní Odigbo fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ náà tipẹ́, Gbénga sì bẹ̀rù pé tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́, ìyá òun á béèrè ìdí. Dókítà kò tíì fún Jùmọ̀kẹ́ ní eyín ìgbà díẹ̀ tí yóò fi máa bo ojú ihò. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Gbénga pẹ̀lú áńkáṣíìfù lẹ́nu, ó sì jókòó pẹ̀lú áńkáṣíìfù lẹ́nu. Wọ́n gbé ẹran ìgbẹ́ yíyan síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Ìyá Gbénga, opó tó ń darí oko kòkó ọkọ rẹ̀ ní Omifunfun fúnra rẹ̀, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹnu ìyàwó yìí, ṣé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í ni?"

"Ẹ má bínú, mà," Jùmọ̀kẹ́ dáhùn lábẹ́ áńkáṣíìfù.

"N kò bínú. Mo kàn ń béèrè ni. Àbí òórùn ilé wa ló ń dí ẹ nímú? Àgbẹ̀ ni wá níhìn-ín, a ò gbé ní ilé tíṣà."

"Màmá, ọ̀fìnkìn ló ń dà á láàmú," ni Gbénga wí.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Jùmọ̀kẹ́ gbọ́ bó ṣe rọrùn lẹ́nu rẹ̀ tó, ó sì rántí ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gé kòkó.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi í pé ìgbà wo ni yóò sọ òótọ́.

"Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ."

"Báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn ẹni tí kò rí ojú rẹ̀?"

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Jùmọ̀kẹ́. Mo ṣèlérí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga. Tó bá gbọ́ ọ̀kadà, ó lè ṣubú lulẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn kọjá. Dókítà ti fún un ní eyín ìgbà díẹ̀ nígbà náà, nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń kọ́ mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́, tó ṣeé yọ sínú ife omi. Ojú nìkan ló wà fún, kì í ṣe ẹnu. Ìyá Gbénga ránṣẹ́ pé kí ìyàwó wá bá òun ní oko ní Omifunfun. Jùmọ̀kẹ́ lọ. Ó rìn láàárín igi kòkó, ó kí àwọn tó ń dá oko náà fún wọn, ó sì rò pé òun ti ń ṣe dáadáa, títí ìyá fi yọ àgbàdo kan nínú iná, tó gbọn eérú rẹ̀ dànù, tó nà án sí i.

"Gbà. Ọwọ́ mi ni mo fi sun ún."

"Ẹ ṣé, mà. Mo ti yó."

"O ti yó? Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́ lo ti yó. Jókòó." Ohùn ìyá náà kò ga, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nítòsí yíjú sí i. "Ọmọ mi kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tí kò lè jẹ ohun tí mo fi ọwọ́ mi sun, kò lè wọ ilé mi."

Jùmọ̀kẹ́ wo Gbénga. Gbénga ń wo bàtà rẹ̀.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu gé àgbàdo náà.

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ àgbàdo ní Ìkàrẹ́ ni?" ni ìyá wí, àwọn ará oko sì rẹ́rìn-ín. "Jẹ ẹ́ bí ènìyàn!"

Jùmọ̀kẹ́ tún wo Gbénga. Bàtà náà ló ṣì ń wò. Nígbà náà ni ó fi iwájú ẹnu gé e, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ní gbogbo gígùn àgbàdo. Eyín ìgbà díẹ̀ náà tẹ erìgì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun kan já nínú rẹ̀ bí òwú. Láàárín àgbàdo tó ń jẹ, ó mọ àwọn wóró kéékèèké lára ahọ́n, wọ́n rí ṣákaṣàka bí iyanrìn, wọ́n sì ní adùn iyọ̀ ẹ̀jẹ̀.

"Ó mà lè jẹun!" Ìyá Gbénga pàtẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó yọ́nú sí i. "Ọjọ́ gbogbo lo sì ń díbọ́n fún wa pé o ti yó!"

Jùmọ̀kẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Dókítà Àzíìzàt kò bá a wí. Ó gbé iná sí ẹnu rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó pa iná náà.

"Kí lẹ jẹ, mà?"

"Àgbàdo."

"Àgbàdo sísun?"

Jùmọ̀kẹ́ ń sunkún láìsí ohùn, omi ojú rẹ̀ ń ṣàn gba etí lọ sẹ́yìn ọrùn nítorí pé ó dùbúlẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n kó sínú ihò náà ti bàjẹ́. Etí ihò ti ya wọlé, ibẹ̀ sì ti tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n fún un ní oṣù méjì kí erìgì fi san. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé egungun díẹ̀ níbi ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun fúnra rẹ̀, wọ́n fi ìṣó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ kàn án mọ́ iwájú, wọ́n rán an. Ojú rẹ̀ wú fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé oyin ló ta òun.

"Ẹ wò ó, mà," ni dókítà sọ lọ́jọ́ tó yọ òwú. "N kì í dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n kò ní sí ẹ̀kẹta. Tí èyí náà bá bàjẹ́, kò ní sí egungun tí a ó ri nǹkan mọ́ mọ́. Eyín inú ife yẹn ni ẹ ó máa lò títí ayé."

Gbénga ń dúró dè é nínú ọgbà. Wọ́n wọ ọkọ̀ èrò padà sí Ore.

"O rí mi," ni Jùmọ̀kẹ́ wí nígbà tí wọ́n kọjá Ondó.

"Mo rí ọ."

"O mọ ohun tí àgbàdo yẹn máa ṣe."

"Mo mọ̀."

"O sì dákẹ́."

Gbénga bo ojú. Obìnrin tó jókòó níwájú wọn yíjú díẹ̀ láti gbọ́.

"Jùmọ̀kẹ́, mo fẹ́ràn rẹ."

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀ mọ́. Ẹ̀rín mi lo fẹ́, kò sí mọ́. Bóyá àánú ló so ọ́ mọ́ mi báyìí. Bóyá ò ń wò mí, o sì ń sọ fún ara rẹ pé, 'Èmi ni mo ba obìnrin yìí jẹ́, kò sí ẹni tó máa fẹ́ ẹ mọ́.'"

"Kì í ṣe àánú!"

"Nígbà náà, sọ fún ìyá rẹ."

Ọkọ̀ náà já wọn sí Ore, Gbénga sì gbé báàgì rẹ̀ fún un títí dé ibi tí ọkọ̀ Odigbo wà, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tí ń sin àlejò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, àlejò wọlé sí yàrá tí Jùmọ̀kẹ́ àti Wùnmí, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jọ ń gbé. Àǹtí Ọ̀ṣuntóyìn ni, àbúrò baba Gbénga, tó ti ń ṣe alárenà láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi etí gèlè fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ bá mi yọ̀. Ìyá Gbénga ti gbà! Àgbàdo yẹn ló ṣe é. Ó ní, 'Ọmọ náà kì í gbéra ga, ojú ló ń tì í.' Sátidé tó ń bọ̀ ni gbogbo ẹbí máa gbà ọ́ wọlé, ká tó lọ bá baba rẹ ní Ìkàrẹ́."

Wùnmí fò sókè, ó sì tún jókòó nígbà tó rí ojú Jùmọ̀kẹ́.

"Ohun kékeré kan ló wà níbẹ̀," ni Ọ̀ṣuntóyìn ń bá a lọ. "Ní ilé Akínṣọlá, ìyàwó kì í fẹnu sọ pé òun fẹ́ ọkọ. Ìyá ọkọ máa fún un ní orógbó kan. Yóò fi eyín gé e sí méjì lójú gbogbo wa, kì í fi ọ̀bẹ, kì í fi ọwọ́. Yóò jẹ ìdá kan, yóò fún ọkọ ní ìdá kejì. Èyí tí kò bá gé e, ó ti ní òun ò fẹ́ nìyẹn. Èmi náà rí i nígbà tí ìyá Gbénga gé tiẹ̀. Ó dún káàkiri ilé!"

Jùmọ̀kẹ́ sún mọ́ ọn. "Ṣé a ò lè sún un síwájú, mà? Oṣù mẹ́rin péré."

"Oṣù mẹ́rin!" Ọ̀ṣuntóyìn dẹ́kun fífẹ́ ara rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ pé ọmọbìnrin kan wà ní Agbabu tó ń fóònù kí ìyá ọkọ rẹ láràárọ̀? Bí o bá sún ọjọ́ yẹn, ọkọ lo sún."

Nígbà tó lọ, Wùnmí ti ìlẹ̀kùn.

"Sọ òótọ́ fún wọn, jàre."

"Mo ti ṣèlérí fún un."

"Ìlérí! Òun náà kò ha búra ni? Ó gun ọ̀kadà, ìwọ lo ṣubú. Ó búra, ìwọ lò ń pa á mọ́." Wùnmí jókòó tì í. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣé ká wá orógbó tó ti rọ̀ ni? Ká fi ọ̀bẹ là á tẹ́lẹ̀?"

"Ọwọ́ ìyá ni yóò ti wá."

"Pè é, nígbà náà. Pe Gbénga."

Jùmọ̀kẹ́ pè é. Ó sọ fún un ohun tí alárenà wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá a lójú pé Gbénga, ọmọ ilé náà, ti mọ̀. Ó dúró de ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Gbénga ní, "N ó wá nǹkan ṣe sí i." Ó ní kí ó má ṣe bẹ̀rù. Kò sọ ohun tí yóò ṣe.

Sátidé pé. Àwọn ẹbí kún yàrá àlejò ilé Akínṣọlá ní Odigbo, àwọn àgbà lórí àga, àwọn aya ilé lórí ẹní. Lórí ògiri ni àwòrán Káyọ̀dé wà, tó wọ aṣọ òyìnbó aláwọ̀ búlúù, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Gbénga jókòó lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Jùmọ̀kẹ́ ń wá ojú rẹ̀ láti ìgbà tó wọlé, kò rí i mú.

Ìyá Gbénga dìde pẹ̀lú àwo tánganran funfun. Orógbó kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó tóbi, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀.

"Adéjùmọ̀kẹ́," ni ó pè é, "mo fọwọ́ líle mú ọ nígbà tí o kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ikú gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í yára ṣí ọwọ́. Dárí jì mí. Gé e, ọmọ mi."

Ọmọ mi. Láti oṣù márùn-ún ni Jùmọ̀kẹ́ ti ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó mú orógbó náà. Ó le bí òkúta odò. Ó ronú nípa egungun ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé wá síwájú, tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré, tí kò tíì mọ ibi tó wà. Kò ní sí ẹ̀kẹta. Ó tún wo Gbénga. Gbénga ti di apá àga mú.

Tí òun bá gbé orógbó yìí sílẹ̀, òun ti kọ Gbénga nìyẹn. Tí òun bá sọ ìdí rẹ̀, òun ti tú u fó lójú ẹbí rẹ̀. Ó dára, ni Jùmọ̀kẹ́ sọ nínú ọkàn rẹ̀. Eyín inú ife. Títí ayé. Ó gbé orógbó náà sáàárín eyín iwájú, ó dijú.

"Má gé e!"

Ọwọ́ kan já orógbó náà gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwo tánganran ṣubú, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga. Nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ la ojú, Gbénga ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Màmá, kò ní eyín níwájú. Èmi ni mo fọ́ ọ. Mo gun ọ̀kadà. Mo búra fún yín, mo sì gun ọ̀kadà, mo gbé e ṣubú lójú títì Ore. Egungun ni wọ́n fi dí ibẹ̀. Tó bá gé orógbó yìí, ó bàjẹ́ títí láé nìyẹn. Èmi ni mo ní kó má sọ. Èmi ni."

Ìyá Gbénga kò wo ọmọ rẹ̀. Àwòrán ara ògiri ló wò, fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀ṣuntóyìn ti dìde láti dì í mú, ṣùgbọ́n ìyá náà kò ṣubú. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n Jùmọ̀kẹ́ sókè.

"La ẹnu, jẹ́ kí n rí i."

Jùmọ̀kẹ́ yọ eyín ìgbà díẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ fi ń hó. Ìyá náà tẹ̀ríba wò ó, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ojú ọgbẹ́ ọmọ kékeré.

"Áńkáṣíìfù yẹn nígbà àkọ́kọ́?"

"Òun náà ni, mà."

"Àgbàdo ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Àgbàdo tí mo ní kí o jẹ ní Omifunfun?"

Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ purọ́. Kò rí irọ́ kankan mú.

"Òun ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, mà. Wọ́n tún un ṣe."

Ìyá Gbénga jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, láìtẹ́ nǹkan kan. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"O gbé e mì. O sì kúnlẹ̀, o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú sí Gbénga. "Ìwọ wà níbẹ̀. Mo rí ọ. O jókòó sórí àpótí, ò ń wo bàtà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbé orógbó yẹn wá."

Gbénga nà án sí i láti orí ìdọ̀bálẹ̀. Ìyá náà gbé e sí ẹnu ara rẹ̀, ó gé e. Ó dún káàkiri ilé. Ó fi ìdá kan sí àtẹ́lẹwọ́ Jùmọ̀kẹ́, ó sì di ìdá kejì mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹbí, ìyàwó ti wọlé. Mo ti bá a gé e. Láti òní lọ, ọmọ mi ni, bó fẹ́ Gbénga, bí kò fẹ́ ẹ." Ó so etí ìró náà pinpin. "Ọkọ ni n kò tíì rí. Adéjùmọ̀kẹ́, nígbà tí egungun rẹ bá le, wá fi eyín ara rẹ sọ ohun tí o fẹ́ fún wa."

Egungun kì í yára. Jùmọ̀kẹ́ kọ́ ìyẹn láti oṣù Kẹjọ títí dé oṣù Kejìlá. Ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó ń jí láàárọ̀ láti fi ahọ́n wá ibẹ̀ wò bóyá ó ṣì wà. Kò gbé fóònù Gbénga. Kò mọ̀ bóyá ìkórìíra ni tàbí àárẹ̀. Ọjọ́ tó bá ní kí òun gbàgbé rẹ̀ náà ló máa ń rántí ọwọ́ tó já orógbó gbà, bí ó ti pẹ́ tó kí ọwọ́ náà tó dé, àti pé ó dé.

Gbogbo ìgbà tó bá lọ sí Àkúrẹ́, ó máa ń bá Gbénga lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ èrò ló máa ń wọ̀ wá. Kì í wọlé tẹ̀ lé e, kì í bẹ̀ ẹ́. Yóò dìde, yóò kí i, yóò sì jókòó padà.

Nínú oṣù Kejìlá, dókítà gbé àwòrán egungun ẹnu rẹ̀ sójú iná. Ibi tó dúdú tẹ́lẹ̀ ti funfun, ó nípọn.

"Tiyín ni gbogbo èyí, mà. Ó ti mú."

Wọ́n ri irin méjì náà. Wọ́n tún dúró fún oṣù mẹ́ta kí egungun fi di irin mú. Nínú oṣù Kẹrin, ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá, wọ́n dé eyín funfun méjì sórí wọn. Jùmọ̀kẹ́ wo dígí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibì kan tí òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ.

Ìyá Gbénga nìkan ló bá nílé ní Odigbo. Ìyá náà wọ yàrá lọ, ó gbé orógbó tútù kan jáde nínú àwo tánganran, tó ti họ létí láti ọjọ́ tó ṣubú.

"Dókítà gbà á?"

"Wọ́n ní kí n fi ti ẹ̀gbẹ́ gé e, mà. Ti iwájú kò gbọdọ̀ gé ohun tó le tó yẹn."

"Ẹ̀gbẹ́ ẹnu!" Ìyá náà ju ọwọ́ sókè. "Mo mà sọ ọ́! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Ìkàrẹ́!"

Jùmọ̀kẹ́ kò mọ ìgbà tó jáde. Ẹ̀rín náà ti inú rẹ̀ wá láìtọrọ àyè, ó kún yàrá, ó gba ojú fèrèsé jáde. Kò fi nǹkan kan bo ẹnu. Ìyá Gbénga ń wò ó, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìró ẹsẹ̀ dún ní ẹ̀yìn ilé. Gbénga yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ oko. Ó dúró síbẹ̀, bí ẹni tó bẹ̀rù pé tí òun bá wọlé, ẹ̀rín náà á dákẹ́.

Jùmọ̀kẹ́ gbé orógbó náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó gé e. Ó dún. Ó mú ìdá méjèèjì dání.

"Gbénga, kí lò ń pa mọ́ fún mi báyìí?"

"Kò sí."

"Ronú dáadáa."

Gbénga ronú. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, kò mọ́.

"Mo máa ń dúró lẹ́yìn ògiri ilé ìwé yín lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nígbà tí ẹ̀yin olùkọ́ bá wà lábẹ́ igi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ti ń rẹ́rìn-ín. Oṣù méje. N kò gbọ́ ọ rí, àfi òní."

Jùmọ̀kẹ́ wo ojú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe bàtà ló ń wò. Ó na ìdá orógbó kan sí i, Gbénga sì fi ọwọ́ méjèèjì ẹlẹ́rẹ̀ gbà á.

Ó korò. Wọ́n dúró síwájú ara wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán.